Ẹsẹ̀ àbí Kẹ̀kẹ́? Ìfiwéra àwọn ọ̀nà tó la àárín òkè Alps kọjá

"Ṣé màá lè gùn ún?" Ìbéèrè tí ẹni tó bá fẹ́ lọ sí òkè Alps máa ń kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ nìyẹn. Kò burú, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló yẹ kó sọ fún yín bóyá ẹsẹ̀ lẹ ó fi lọ tàbí kẹ̀kẹ́. Ẹni tó bá fara balẹ̀, tí kò bá ẹnikẹ́ni díje, yóò dé òkè. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lejò ń gun àgbọn. Ìsọ̀kalẹ̀ ni kí ẹ fi yàn. Ẹni tó fi kẹ̀kẹ́ gun òkè fún wákàtí mẹ́ta lè má lò tó wákàtí kan kó tó dé ìsàlẹ̀, òógùn á di omi tútù sí i lára, ìka ọwọ́ á sì ti kú lórí bíréèkì. Ẹni tó fi ẹsẹ̀ gun ún yóò tún fi wákàtí méjì tàbí mẹ́ta sọ̀, orúnkún ni yóò sì san gbèsè ọjọ́ náà. Èwo nínú ìyà méjèèjì lẹ lè fara dà? Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn òkè Alps tò rẹrẹ láti ẹ̀bá òkun ní gúúsù Faransé, wọ́n gba Swítsàlandì àti àríwá Ítálì kọjá, wọ́n dé Ọ́síríà àti Slovenia. Àwọn ará ibẹ̀ kì í gun ṣóńṣó orí òkè kí wọ́n tó lọ nájà ní òdìkejì. Ibi tí òkè méjì bá ti fà sẹ́yìn fún ara wọn, tí ilẹ̀ sì rẹlẹ̀ díẹ̀ láàrin wọn, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà. Àwọn ará Faransé ń pe irú ibẹ̀ ní col, àwọn ará Ítálì ń pè é ní passo, àwọn tó ń sọ èdè Jámánì ń pè é ní Pass. Orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí lẹ ó máa bá pàdé lára pátákó ojú ọ̀nà. Àlàfo òkè ni n ó máa pè é níbí.

Àlàfo òkè tí wọ́n da ọ̀dà sí wà, èyí tó jẹ́ ojú ẹsẹ̀ lásán wà, àwọn mìíràn sì ní méjèèjì. Ìlànà tèmi kò le: táyà ni ó ni ọ̀dà, ẹsẹ̀ ni ó ni ibi tí mọ́tò kò lè dé. Mo ti rí àwọn tó ń fi ẹsẹ̀ rin etí títì àlàfo ńlá kan ní oṣù Keje, tí alùpùpù ń fò kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn bí eṣinṣin. Èéfín ni wọ́n lọ fà sínú, kì í ṣe afẹ́fẹ́ òkè.

Stelvio: kẹ̀kẹ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọjọ́ Sátidé

Àwòrán Stelvio lẹ ti máa ń rí, kódà bí ẹ kò bá mọ orúkọ rẹ̀. Àríwá Ítálì ló wà, gíga rẹ̀ jẹ́ 2,757 mítà. Ìjọba Ọ́síríà ló la ọ̀nà náà láàrin 1820 sí 1825, nígbà tí ilẹ̀ Lombardy ṣì wà lábẹ́ wọn, kí wọ́n lè so ó mọ́ Tyrol. Carlo Donegani ni ẹnjiníà tó ṣe é. Ẹṣin àti ọkọ̀ ẹrù ni Donegani rò kó tó fa ọ̀nà rẹ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi jẹ́ kí ó dagun ju bó ṣe yẹ lọ. Àǹfààní àwọn ẹṣin yẹn ni àwa oníkẹ̀kẹ́ ń jẹ títí dòní.

Láti Prato, ní apá àríwá, ọ̀nà náà jẹ́ nǹkan bí 24 kìlómítà, ẹ ó sì gòkè tó 1,800 mítà. Bí a bá pín in dọ́gba, nínú ọgọ́rùn-ún mítà tí ẹ bá wà, ẹ ti gòkè mítà méje àti díẹ̀. Kọ́nà 48 ló wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣẹ́ bí ìgbọ̀nwọ́, wọ́n sì kọ nọ́ńbà sí i. Kíkà náà ń dín kù ni: 48 lẹ ó kọ́kọ́ pàdé nísàlẹ̀, 1 ló kù lókè. Wọ́n ní ó ń fúnni lókun. Lójú tèmi, ìfìyàjẹni ni, nítorí pé bí ẹ bá dé Franzenshöhe, ní 2,188 mítà, tí ẹ gbójú sókè, gbogbo ìyókù ọ̀nà náà ni ẹ ó rí lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n ká lé ara wọn bí aṣọ òkè nínú àpótí. Ẹ má gbójú sókè. Ẹ wo táyà iwájú yín, kí ẹ sì máa jẹun.

Ọdún 1953 ni Giro d'Italia, ìdíje kẹ̀kẹ́ ńlá ti Ítálì, kọ́kọ́ gba ibẹ̀. Fausto Coppi já Hugo Koblet sílẹ̀ lórí òkè náà, ó sì gba ìdíje náà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó kù díẹ̀ kó parí. Láti ìgbà náà ni ó ti di ibi tí oníkẹ̀kẹ́ ń lọ bí ẹni ń lọ ṣe ìrìn àjò mímọ́. Àwọn oní-alùpùpù náà ń lọ. Ọjọ́ kan wà lọ́dún, ní ìparí ìgbà ooru wọn, tí wọ́n ń ti ọ̀nà náà mọ́ gbogbo ọkọ̀ kí kẹ̀kẹ́ nìkan lè gùn ún. Bí ọjọ́ yẹn kò bá bá yín mu, ẹ gbéra ní aago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́.

Ẹ má sọ̀ gba ibi tí ẹ gbà gòkè. Láti òkè, tí ẹ bá kọjú sí apá Bormio, kò pẹ́ tí ẹ ó fi rí ìyànà Umbrail, ní 2,501 mítà. Ó ń sọ̀ wọ Santa Maria ní Swítsàlandì, ọkọ̀ kò pọ̀ níbẹ̀, àfonífojì tó tẹ̀ lé e yóò sì dá yín padà sí Prato pẹ̀lú ìsọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ẹlẹ́sẹ̀ ńkọ́? Kí ó wọ bọ́ọ̀sì dé òkè, kí ó fi bí ìdajì wákàtí gun ṣóńṣó kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, tí gíga rẹ̀ jẹ́ 2,843 mítà. Orúkọ rẹ̀ ní èdè Jámánì túmọ̀ sí Òkè Èdè Mẹ́ta: Jámánì, Ítálì àti Romansh ló pàdé níbẹ̀. Títí di ìparí Ogun Àgbáyé Kìíní, ààlà ìjọba mẹ́ta ni ibẹ̀. Kò sí ohun tí ẹlẹ́sẹ̀ ń wá lórí ọ̀dà Stelvio fúnra rẹ̀.

Galibier, ní ṣókí

Bí ẹ bá fẹ́ràn Tour de France, ìdíje kẹ̀kẹ́ ńlá ti Faransé, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Gíga rẹ̀ jẹ́ 2,642 mítà, Faransé ló wà, 1911 ni ìdíje náà kọ́kọ́ gbà á. Láti Saint-Michel-de-Maurienne, òkè méjì ni wọ́n tà fún yín ní ọ̀kan: ẹ ó kọ́kọ́ gun Télégraphe fún bí 12 kìlómítà, ẹ ó sọ̀ díẹ̀ wọ Valloire, lẹ́yìn náà ni bí 18 kìlómítà mìíràn yóò tún bẹ̀rẹ̀. Ìpín tó kẹ́yìn ló le jù, afẹ́fẹ́ á sì ti fúyẹ́. Ẹni tí kò bá tíì gun òkè gígùn rí, kí ó gbà á láti Lautaret, tó ti wà lókè tẹ́lẹ̀ ní 2,058 mítà. Kìlómítà mẹ́jọ àti ààbọ̀ péré ló kù. Kò sí ẹni tí yóò bi yín pé apá wo lẹ gbà nígbà tí ẹ bá ń ya fọ́tò.

Tremola: èyí tí mo fẹ́ràn jù

Àlàfo Gotthard ni Swítsàlandì fi ń so àríwá rẹ̀ mọ́ gúúsù. Gíga rẹ̀ kò ju 2,106 mítà lọ. Rélùwéè gba abẹ́ rẹ̀ láti 1882, mọ́tò gba abẹ́ rẹ̀ láti 1980, ní 2016 sì ni wọ́n ṣí ihò abẹ́ òkè tuntun fún rélùwéè, tó gùn tó 57 kìlómítà. Orí òkè náà tún ní títì ńlá tirẹ̀. Èyí tó kù, tí ẹnikẹ́ni kò fi bẹ́ẹ̀ nílò mọ́, ni ọ̀nà àtijọ́ tó gba àfonífojì Tremola, tí wọ́n ṣe ní nǹkan bí 1830 fún ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin. Ohun tí wọn kò nílò mọ́ yẹn ni Ọlọ́run fi ta oníkẹ̀kẹ́ lọ́rẹ.

Òkúta gbígbẹ́ ni wọ́n tò sí ojú ọ̀nà náà, kọ́nà 24 ni wọ́n sì kó jọ sí ibi kan ṣoṣo tó dà bí ògiri. Láti Airolo dé òkè jẹ́ bí 13 kìlómítà, ìgòkè rẹ̀ jẹ́ bí 930 mítà, ìyẹn ìdajì Stelvio. Òkúta náà yóò gbọ̀n yín dé eyín. Ní ìgbà àkọ́kọ́ tí mo lọ, mo fẹ́ afẹ́fẹ́ sí táyà mi kí ó le gbandi, bí mo ṣe máa ń ṣe lórí ọ̀dà. Kí n tó dé kọ́nà kẹwàá, ìgò omi mi ti fò sínú koríko. Ẹ lo táyà tó fẹ̀, kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ sì rọ̀ díẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, ẹ má fi òkúta yẹn sọ̀ kalẹ̀ rárá: ó ń yọ̀ bí ilá. Ẹ gùn ún láti Airolo, kí ẹ fi ọ̀dà apá Andermatt sọ̀.

Lẹ́yìn Andermatt, ẹ ó dé ọ̀gbun tóóró Schöllenen, níbi tí Afárá Èṣù wà. Ìtàn àwọn ará Uri, ìpínlẹ̀ tí afárá náà wà, ni pé kò sí ẹni tó lè kọ́ afárá síbẹ̀, àfi ìgbà tí Sátánì gbà láti kọ́ ọ, ṣùgbọ́n ẹ̀mí ẹni tó bá kọ́kọ́ rìn ín ni yóò fi ṣe owó ọ̀yà. Afárá parí, òbúkọ ni wọ́n lé kọjá. (Sátánì ni wọ́n ń wí o, kì í ṣe Èṣù Láàlú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí wọ́n ṣe rẹ́ Sátánì jẹ níbẹ̀ yóò dùn mọ́ Láàlú nínú.) Sátánì bínú, ó gbé òkúta ńlá láti fọ́ afárá náà, kò sì lè ṣe é. Òkúta tí wọ́n ń tọ́ka sí wà níbẹ̀ títí dòní. Nígbà tí wọ́n ń ṣe títì ńlá ní 1977, wọ́n náwó láti sún un sẹ́gbẹ̀ẹ́ dípò kí wọ́n fọ́ ọ. Ọ̀gbun náà há fún kẹ̀kẹ́, ọkọ̀ sì pọ̀. Rélùwéè kékeré kan wà láti Andermatt dé Göschenen tó ń gbé kẹ̀kẹ́. Ẹ wọ̀ ọ́, kí ẹ fi ẹsẹ̀ lọ wo afárá. Ìtìjú kankan kò sí níbẹ̀.

Saint-Bernard Ńlá: ibi tí ẹsẹ̀ ti gba iwájú kẹ̀kẹ́

Nínú gbogbo àlàfo tí mò ń sọ, èyí nìkan ni mo lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé ẹsẹ̀ ló dá a, ẹsẹ̀ ló sì tọ́ sí. Gíga rẹ̀ jẹ́ 2,469 mítà, ààlà Swítsàlandì àti Ítálì ni. Ní nǹkan bí ọdún 1050 ni Bernard, àlùfáà láti Aosta, dá ilé àlejò sílẹ̀ lókè ibẹ̀ fún àwọn tí yìnyín àti olè ń pa lójú ọ̀nà. Ilé náà ṣì wà, àwọn àlùfáà Àgùdà ṣì ń gba àlejò sùn síbẹ̀. Àwọn ajá ńlá tí ayé mọ̀ fún dídóòlà ẹ̀mí níbẹ̀ ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún hẹlikọ́pítà. Barry, tó lókìkí jù nínú wọn, tí ó kú ní 1814, wà ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ní Bern, tí wọ́n ti ki nǹkan sínú awọ rẹ̀ bí ẹni pé ó ṣì wà láàyè.

Ọ̀nà àwọn arìnrìn-àjò mímọ́ láti Canterbury dé Róòmù ló gba ibẹ̀. Sigeric, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Canterbury, rìn ín bọ̀ láti Róòmù ní 990, ó sì kọ orúkọ gbogbo ibi tó sùn sílẹ̀. Àkọsílẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n fi ya ọ̀nà náà tí wọ́n ń tọ̀ lónìí. Fún àwa ọmọ ìjọ Áńgílíkà, Canterbury kì í ṣe ibi àjèjì: níbẹ̀ ni wọ́n ti fi Àjàyí Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Ẹni tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù tó bá fẹ́ rìn ín láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì yẹn lè bẹ̀rẹ̀ lọ́la.

Ní oṣù Karùn-ún 1800, Napoleon kó nǹkan bí 40,000 ọmọ ogun gba inú yìnyín ibẹ̀ kọjá. Igi tí wọ́n gbẹ́ inú rẹ̀ ni wọ́n fi àgbá ogun sí, wọ́n sì ń wọ́ ọ. Àwòrán tí ayé mọ̀ fi í sórí ẹṣin funfun tó fò sókè, ṣùgbọ́n orí ìbaaka ló wà lọ́jọ́ náà, tí ará abúlé kan ń fà á lọ. Ó ṣèlérí fún àwọn ará Bourg-Saint-Pierre pé òun á san owó ohun tí ọmọ ogun òun jẹ àti ohun tí wọ́n bà jẹ́. Kò san án tán.

Abúlé yẹn ni kí ẹlẹ́sẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ó wà ní 1,632 mítà, ẹ ó gòkè bí 840 mítà, wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún, ẹ ó sùn ní ilé àlejò. Lọ́jọ́ kejì ẹ ó sọ̀ wọ Saint-Rhémy ní Ítálì, bí 850 mítà. Ẹ wò ó bí ìgòkè àti ìsọ̀kalẹ̀ ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, tí oorun sì wà láàrin wọn. Orúnkún kò lè rí ètò tó dára ju èyí lọ.

Oníkẹ̀kẹ́ tó bá gbéra láti Martigny ní bí 44 kìlómítà níwájú, apá tó pọ̀ nínú rẹ̀ sì jẹ́ títì tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ń gbà lọ sí ihò abẹ́ òkè tí wọ́n ṣí ní 1964. Wọ́n bo apá kan títì náà lórí, ariwo ọkọ̀ inú rẹ̀ á sì di etí yín. Bí ẹ bá ta kú pé kẹ̀kẹ́ ni, ẹ gbà á láti Aosta. Títì àwọn ọkọ̀ ńlá yà sọ́tọ̀ ní apá yẹn, ọ̀nà àtijọ́ tó kọjá Saint-Rhémy sì dákẹ́.

Grand Col Ferret: ẹ fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀

Kò sí ọ̀dà níbẹ̀. Ó wà lára ìrìn yíká Mont Blanc, tó jẹ́ nǹkan bí 170 kìlómítà nínú orílẹ̀-èdè mẹ́ta, ṣùgbọ́n ẹ lè gé ọjọ́ kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Ẹ wọ bọ́ọ̀sì láti Courmayeur ní Ítálì dé Arnouva, ẹ gòkè bí 770 mítà dé àlàfo náà ní 2,537 mítà, ẹ sọ̀ wọ La Fouly ní Swítsàlandì, bọ́ọ̀sì mìíràn á gbé yín. Àwọn tó ní kẹ̀kẹ́ orí òkè, alátáyà ńlá, ń gbà á, wọ́n sì ń gbé kẹ̀kẹ́ náà lé èjìká ju bó ṣe ń gbé wọn lọ. Ohun tí mo kórìíra níbẹ̀ ni ìparí oṣù Kẹjọ, nígbà tí àwọn tó ń sáré ìdíje yíká òkè náà bá gba gbogbo ojú ẹsẹ̀.

| Àlàfo | Gíga | Kẹ̀kẹ́ | Ẹsẹ̀ |
|---|---|---|---|
| Stelvio | 2,757 m | Ó dára, àárọ̀ kùtù | Ṣóńṣó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nìkan |
| Galibier | 2,642 m | Láti Lautaret bí ẹ bá jẹ́ tuntun | Mi ò ní dá a lábàá |
| Gotthard (Tremola) | 2,106 m | Òun ni mo yàn | Ó ṣeé ṣe, òkúta le |
| Saint-Bernard Ńlá | 2,469 m | Láti Aosta | Òun ni mo yàn |
| Grand Col Ferret | 2,537 m | Rárá | Ó dára púpọ̀ |

Òtútù, ìyẹn ohun tí àwa máa ń fojú kéré

Láti ìparí oṣù Kẹfà sí àárín oṣù Kẹsàn-án ni kí ẹ fojú sí. Ṣáájú rẹ̀, yìnyín lè ṣì dí ọ̀nà. Kódà láàrin ìgbà náà, ẹ má gbọ́kàn lé ojú ọjọ́. Ní ọjọ́ 8 oṣù Keje 1996, yìnyín àti ìjì dí Iseran, àlàfo mìíràn ní Faransé, àti Galibier, wọ́n sì gé ìdíje Tour de France ọjọ́ náà kù sí 46 kìlómítà. Ní ọjọ́ 26 oṣù Keje 2019, yìnyín já, ilẹ̀ ya bo ọ̀nà, wọ́n dá ìdíje dúró nígbà tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń sọ̀ kalẹ̀ láti Iseran. Àwọn yẹn ní mọ́tò lẹ́yìn tó gbé aṣọ wọn. Ẹ̀yin kò ní.

Òwúrọ̀ ni ẹ gùn ún, nítorí ọ̀sán ni ààrá máa ń sán. Oníkẹ̀kẹ́, ẹ gbé jákẹ́ẹ̀tì tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀ àti ìbọ̀wọ́ gígùn, ẹ sì wọ̀ wọ́n lókè, kí òtútù tó mú yín. Àwọn tó ń díje láyé àtijọ́ máa ń gba ìwé ìròyìn lọ́wọ́ òǹwòran, wọ́n á fi sí abẹ́ aṣọ láyà. Ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹ má di bíréèkì mú láìjá a sílẹ̀: ẹ tẹ̀ ẹ́ kí ẹ tó wọ kọ́nà, ẹ tú u sílẹ̀ nínú kọ́nà. Ẹ wo bíréèkì náà ní ilé kí ẹ tó gbéra, kí ẹ sì ní iná iwájú àti ẹ̀yìn fún inú ihò. Jíà tó rọrùn jù tí kẹ̀kẹ́ yín lè gbà ni kí ẹ fi sí i; kò sí ẹni tó ń fi jíà ńlá gba ọ̀wọ̀ lójú òkè.

Ẹlẹ́sẹ̀, ọ̀pá méjì. Mo ti máa ń fi àwọn tó ń lò ó ṣe yẹ̀yẹ́ tẹ́lẹ̀, títí ìsọ̀kalẹ̀ 900 mítà kan fi kọ́ mi lọ́gbọ́n. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé bí àgbàlagbà. Ẹ ka 300 sí 400 mítà ìgòkè fún wákàtí kan. Ní Swítsàlandì, wákàtí ni wọ́n ń kọ sára pátákó ofeefee wọn, kì í ṣe kìlómítà, kò sì ní ìsinmi àti oúnjẹ nínú. Àmì funfun, pupa, funfun lára òkúta túmọ̀ sí pé ọ̀nà náà nílò bàtà gidi àti ìfarabalẹ̀.

Ìwé àti owó

Faransé, Ítálì, Swítsàlandì àti Ọ́síríà, Schengen ni gbogbo wọn, físà kan náà ló sì wọ̀ wọ́n. Ẹni tó ní páàsìpọ́ọ̀tù Nàìjíríà tó ń gbé ní Ìlú Ọba ṣì gbọ́dọ̀ gba físà yìí. Ìwé ìgbélùú Ìlú Ọba kò tó. Físà náà ń béèrè ìdánilójú ìtọ́jú ìlera tó jẹ́ 30,000 yúrò ó kéré tán, ẹ sì ka inú rẹ̀ dáadáa bóyá ó kan gbígbé ènìyàn kúrò lórí òkè pẹ̀lú hẹlikọ́pítà. Ẹ fi páàsìpọ́ọ̀tù sínú ọ̀rá, ẹ gbé e gòkè pẹ̀lú yín, torí ẹnubodè wà lórí méjì nínú àlàfo tí mo kà sílẹ̀, àwọn agbófinró a sì máa dúró níbẹ̀ nígbà mìíràn. Owó yúrò kò tó ní Swítsàlandì. Ẹ ní káàdì tàbí fráńkì wọn. Nọ́ńbà 112 ni ẹ pè níbikíbi bí ewu bá dé.

Bí ẹ bá ní ọjọ́ méjì péré, tí orúnkún yín sì dá, ẹ fi ẹsẹ̀ gba Saint-Bernard Ńlá, kí ẹ sì gba bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀ ní ilé àlejò kí ẹ tó kúrò nílé. Bí orúnkún bá ń dùn yín, ẹ wọ rélùwéè dé Airolo ní àṣálẹ́, ẹ sùn síbẹ̀, kí ẹ sì ti wà lórí òkúta Tremola kí oòrùn tó kan ògiri rẹ̀.